Àyẹ̀wò Ohun Tó Ń Rìn Kì Í Ṣe Ọ̀rọ̀ Ẹnu

Bí ìyàwó bá dé ilé ọkọ, tí ọdún kan lọ, tí èkejì tẹ̀lé e, tí kò tíì fẹ́ra kù, ta ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń mú lọ sí ọsibítù? Ìyàwó ni. Òun ni wọ́n á fa ẹ̀jẹ̀ lára rẹ̀, òun ni wọ́n á ya fọ́tò inú rẹ̀, òun ni wọ́n á se àgbo fún, òun náà sì ni ìyá ọkọ á máa wò ní àwòmọ́jú. Ọkọ ńkọ́? Ọkọ wà ní ṣọ́ọ̀bù. Bó ṣe rí ní Ògbómọ̀ṣọ́ náà ló rí ní Kpalsi, ní ìlú Tamale lápá àríwá Gánà, níbi tí mo ń gbé. Dagomba ni àwọn aládùúgbò mi, Dagbani la sì fi ń kí ara wa láàárọ̀, ṣùgbọ́n tó bá di ọ̀rọ̀ àìrọ́mọbí, ohùn gbogbo wa máa ń ṣọ̀kan: ẹ lọ bi obìnrin.

Iṣẹ́ láàbù ni mò ń ṣe, mo sì lè jẹ́rìí pé nǹkan ti ń yí padà díẹ̀díẹ̀. Lóṣù kẹrin ọdún 2023, Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, kéde pé nínú ènìyàn mẹ́fà-mẹ́fà, ẹnì kan á bá ìṣòro àìrọ́mọbí pàdé nígbà kan láyé rẹ̀. Àwọn dókítà ti ń tẹnu mọ́ ọn pé kí tọkọtaya jọ máa wá, àwọn ọkùnrin náà sì ti ń wá, bí wọ́n tiẹ̀ ń fi fìlà bojú. Inú mi dùn sí i. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni ohun tí wọ́n ń bá pàdé nígbà tí wọ́n bá dé ọ̀dọ̀ wa. Àwa òṣìṣẹ́ láàbù ni mo fẹ́ bá wí lónìí.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ ṣàlàyé bí àyẹ̀wò àtọ̀ ṣe ń lọ. Ọkùnrin á gba ike kékeré, á lọ sí kọ̀rọ̀, á gbé e padà fún wa. Àtọ̀ máa ń ki nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. A ó dúró kó yọ́, èyí tó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Lẹ́yìn náà a ó kán díẹ̀ sórí gíláàsì, a ó fi gíláàsì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò ó, a ó gbé e sábẹ́ máíkírósíkóòpù. Ẹni tí kò bá rí ohun tó wà níbẹ̀ rí kò lè gbà gbọ́: àìmọye nǹkan tíńtìntín, olórí róbótó, onírù gígùn, tí wọ́n ń kọjá lára ara wọn láìsinmi. Antonie van Leeuwenhoek, ará Netherlands, ti rí wọn láti ọdún 1677, ìran náà sì ń ya èmi tí mò ń rí i lójoojúmọ́ lẹ́nu síbẹ̀.

Ìbéèrè mẹ́ta pàtàkì ni dókítà fẹ́ ká dáhùn nípa àwọn sẹ́ẹ̀lì àtọ̀ yìí. Ṣé wọ́n pọ̀ tó? Ṣé ìrísí wọn dára? Ṣé wọ́n ń rìn, báwo sì ni wọ́n ṣe ń rìn? Èyí tó kẹ́yìn ló nira jù. Béèyàn bá fẹ́ ka iye wọn, ó lè fi oògùn dá wọn dúró kó tó kà wọ́n. Bó bá fẹ́ wo ìrísí wọn, ó lè pa wọ́n láró kó wò wọ́n títí di ọ̀la. Ìrìn kò rí bẹ́ẹ̀. Ojú ẹsẹ̀ ni a gbọ́dọ̀ wò ó, bó bá sì kọjá, ó kọjá nìyẹn.

Ìwé ìtọ́ni tí WHO ṣe fún àyẹ̀wò yìí, ẹ̀dà kẹfà tó jáde lọ́dún 2021, pín ìrìn náà sí ọ̀nà mẹ́rin. Èyí tó ń sáré lọ síwájú wà, ìyẹn èyí tó rin maikirómítà 25 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Èyí tó ń lọ síwájú jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ wà, láti maikirómítà 5 títí dé ìsàlẹ̀ 25. Èyí tó kàn ń jà lójú kan wà, èyí tí kò sì mira rárá wà. Ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò gbọ́dọ̀ ka igba sẹ́ẹ̀lì, ó kéré tán, kó sì tún igba míì kà láti inú ẹ̀kán míì, kó wá wò ó bóyá àbájáde méjèèjì bára mu. Bí wọn kò bá bára mu, kó bẹ̀rẹ̀ látòkèdélẹ̀. Ìwé náà fi ìdá 42 nínú ọgọ́rùn-ún ṣe ààlà ìsàlẹ̀ fún gbogbo èyí tó ń mira, ó sì fi ìdá 30 ṣe ti èyí tó ń lọ síwájú. Lára àwọn ọkùnrin tí ìyàwó wọn lóyún láàárín ọdún kan ni wọ́n ti yọ iye wọ̀nyí, nítorí náà ẹni tó bá bọ́ sísàlẹ̀ ààlà kò tíì di àgàn ọkùnrin.

Ẹ wá rò ó wò. Orí sẹ́ẹ̀lì àtọ̀ kan gùn tó nǹkan bíi maikirómítà 4. Ẹni tó ń sáré gbọ́dọ̀ rin ìwọ̀n orí ara rẹ̀ lọ́nà mẹ́fà, kí ìṣẹ́jú-àáyá kan tó pé. Òṣìṣẹ́ láàbù tí kò ní rúlà nínú máíkírósíkóòpù, tí kò ní aago lọ́wọ́, tí igba nǹkan ń sá kiri níwájú rẹ̀, báwo ló ṣe fẹ́ mọ èyí tó rin 24 yàtọ̀ sí èyí tó rin 26? Ó máa fojú díwọ̀n ni. Ojú sì máa ń ṣe ojúsàájú. Ohun tó bá ń mira ló máa ń fà á, èyí tó dúró jẹ́ẹ́ á di ẹni ìgbàgbé. Ìdí nìyẹn tí kíka ìrìn pẹ̀lú ojú lásán fi sábà máa ń ga ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ tún fi ti ojú ọjọ́ kún un. Òtútù máa ń dín ìrìn sẹ́ẹ̀lì àtọ̀ kù. Nígbà ọyẹ́ ní Tamale, bí gíláàsì bá ti tutù láti òru, tí a kò sì ní pèpéle tó ń mú un gbóná dé digírì 37, ọkùnrin tí ara rẹ̀ le koko lè gba èsì aláìsàn. Ẹ má sì jẹ́ n tíì dárúkọ dumsor, bí àwa ará Gánà ṣe ń pe iná tó ń lọ tó ń bọ̀.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan wà ní Tamale níbí, fítà ni, bí a ṣe ń pe mẹkáníìkì lọ́dọ̀ wa. Ìyàwó rẹ̀ ti jìyà gan-an kí ọkọ tó gbà láti lọ ṣe àyẹ̀wò. Láàbù àkọ́kọ́ ní ìrìn àtọ̀ rẹ̀ dára. Inú ìdílé dùn, wọ́n sì dá ẹ̀bi padà sórí obìnrin. Nígbà tó yá, dókítà ní kó lọ tún un ṣe níbòmíràn. Láàbù kejì ní èyí tó ń lọ síwájú kò tó rárá. Ilé dàrú. Ìyàwó ní kí wọ́n tọrọ àforíjì lọ́wọ́ òun, ìyá ọkọ ní láàbù kejì ni kò mọṣẹ́. Ọmọ náà kó ìwé méjèèjì wá bá mi nílé lálẹ́ ọjọ́ kan, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ Bàbá, èwo ni kí n mú nínú méjèèjì?"

Ó ṣeé ṣe kí láàbù méjèèjì jàre. Àtọ̀ ọkùnrin kan náà máa ń yàtọ̀ láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀. Ibà lásán lè bà á jẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ìdí sì nìyẹn tí àyẹ̀wò kan ṣoṣo kì í fi í tó. Ó tún ṣeé ṣe kó jẹ́ ojú ẹnì kan ló tàn án. Báwo la ṣe fẹ́ mọ̀? Àtọ̀ ti dé kòtò ìdọ̀tí tipẹ́. Ohun tó ṣẹ́kù kò ju nọ́ńbà lórí ìwé àti ìbuwọ́lùwé lọ. Ọ̀rọ̀ ẹnu ẹni méjì ni, tí wọ́n kọ sílẹ̀. Àwọn àgbà ní ojú olójú kò jọ ojú ẹni. Ọmọkùnrin yìí gbọ́kàn lé ojú olójú, kò sì sí ọ̀nà tó lè gbà fi ojú tirẹ̀ rí i.

Àwa ọmọ Yorùbá tí a wà ní Tamale mọ iyì ẹ̀rí. Lọ́jọ́ 18, oṣù kọkànlá, ọdún 1969, ìjọba Kofi Busia pàṣẹ pé kí gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò ní Gánà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, Èjìgbò, Ọ̀fà àti Ìlọrin tí wọ́n ti ń tajà ní Tamale láti ọdún gbọọrọ, tí wọ́n ti kọ́lé, tí wọ́n ti bímọ síbẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí palẹ̀ mọ́. Gbogbo ìlú ló mọ̀ wọ́n, ṣùgbọ́n ìmọ̀ yẹn kò gbà wọ́n. Ìwé ni wọ́n ń béèrè. Láti ìgbà náà, ìdílé wa kì í ju rìsíìtì nù.

Ó yẹ kí àyẹ̀wò ohun tó ń rìn ní rìsíìtì tirẹ̀. Fídíò ni rìsíìtì náà, sọ́fítíwíà tó lè tọ ipasẹ̀ ohun tó wà nínú rẹ̀ sì ti wà nílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

Wayne Rasband, tó ṣiṣẹ́ ní National Institutes of Health ti Amẹ́ríkà, ló ṣe NIH Image lọ́dún 1987, kí àwọn onímọ̀ lè fi kọ̀ǹpútà wọn àwòrán máíkírósíkóòpù. Lọ́dún 1997 ó gbé ImageJ jáde, ó sì fi í sílẹ̀ fún aráyé láìgba kọ́bọ̀. Àwọn onímọ̀ láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè kó irinṣẹ́ jọ sórí rẹ̀, wọ́n pè é ní Fiji, wọ́n sì kọ ìwé nípa rẹ̀ lọ́dún 2012. Nínú Fiji yìí ni TrackMate wà, iṣẹ́ Jean-Yves Tinevez àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Institut Pasteur ní Paris, èyí tí wọ́n ṣàlàyé fún aráyé lọ́dún 2017. Àwọn tó ń wo bí ọgbẹ́ ṣe ń san, bí sẹ́ẹ̀lì kan ṣe ń pín sí méjì, bí sẹ́ẹ̀lì ọlọ́pàá inú ẹ̀jẹ̀ ṣe ń lé kòkòrò àrùn, ló ń lò ó. Wọ́n á ya fọ́tò sẹ́ẹ̀lì ní ìṣẹ́jú mélòó kan síra wọn, láàárọ̀ títí di alẹ́, wọ́n á wá ní kí sọ́fítíwíà sọ ibi tí sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan gbà. Ní ti àtọ̀, Wilson-Leedy àti Ingermann ti ṣe ẹ̀yà ImageJ kan lọ́dún 2007 fún àtọ̀ ẹja, àwọn onímọ̀ ní Zaragoza, orílẹ̀-èdè Spain, sì gbé OpenCASA jáde lọ́dún 2019. Èyí náà, ọ̀fẹ́ ni.

Iṣẹ́ méjì ni irú sọ́fítíwíà bẹ́ẹ̀ ń ṣe. Fídíò jẹ́ fọ́tò tí a tò tẹ̀lé ara wọn. Fóònù tó wà lápò wa ń ya 30 tàbí 60 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni pé kó wá gbogbo orí tó wà nínú fọ́tò kọ̀ọ̀kan, kó fi àmì róbótó yí wọn ká. Èyí rọrùn díẹ̀ bí àwòrán bá mọ́lẹ̀. Iṣẹ́ kejì ni pé kó pinnu pé orí tó wà níhìn-ín nínú fọ́tò yìí ni orí tó wà lọ́hùn-ún nínú fọ́tò tó tẹ̀lé e. Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Bí Táyé àti Kẹ́hìndé bá wọ aṣọ kan náà, tí wọ́n jọ gba ẹ̀yìn lọ́rí kan kọjá ní ọjà Aboabo, tí wọ́n sì jáde ní òdìkejì, ta ni Táyé nínú wọn? Ẹni tó ń wò á wo ibi tí kálukú dojú kọ kó tó wọlé àti bí ó ṣe ń yára tó, á wá mú èyí tó bọ́gbọ́n mu jù. Ohun tí sọ́fítíwíà náà ń ṣe nìyẹn. Ó ń ṣírò iye tí yóò ná an láti so orí kọ̀ọ̀kan mọ́ orí kọ̀ọ̀kan, ó wá ń yan ètò tí àpapọ̀ owó rẹ̀ kéré jù. Bí orí kan bá pòórá nínú fọ́tò kan tó sì tún yọjú nínú èyí tó tẹ̀lé e, ó lè di àlàfo náà. Khuloud Jaqaman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló gbé ìlànà ìṣirò yìí kalẹ̀ nínú ìwé wọn ti ọdún 2008, orí rẹ̀ ni TrackMate dúró lé.

Tó bá parí, ojú kọ̀ǹpútà á kún fún ìlà aláwọ̀ oríṣiríṣi, ìlà kan fún sẹ́ẹ̀lì kan. Ibẹ̀ lèèyàn ti ń rí ohun tí ojú lásán kò lè sọ. Sọ́fítíwíà náà máa ń wọn ọ̀nà méjì fún sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan: gbogbo ìrìn tó rìn pẹ̀lú kọ́rọ́kọ̀rọ rẹ̀, àti bí ibi tó dé ṣe jìn tó sí ibi tó ti gbéra. Mo ti rí sẹ́ẹ̀lì tó ń sá eré àsápajúdé, tó sì ń pòyì lójú kan bí mo ṣe ń wò ó. Ìlà rẹ̀ gùn, ṣùgbọ́n ibi tó bẹ̀rẹ̀ ló parí sí. Ẹni tó ń fojú lásán kà á á kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó ń sáré dáadáa. Kò ní dé ibi tí ẹyin wà láé.

Ṣé a lè gbọ́kàn lé ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú, níbi tí iná kò dúró, tí eruku pọ̀? Ẹ jẹ́ ká lọ sí Okola, ní orílẹ̀-èdè Kamẹrúùnù.

Gbogbo ẹni tó bá ti gbé àríwá Gánà pẹ́ mọ inárun, àrùn tí kòkòrò etí odò ń gbé kiri, tó ń yún ara tó sì ń fọ́ ojú. Nítorí rẹ̀ ni àwọn ènìyàn fi sá kúrò ní ilẹ̀ ọlọ́ràá tó wà lẹ́bàá odò White Volta. Láti 1974 títí di 2002, ètò ńlá kan tí wọ́n ń pè ní Onchocerciasis Control Programme fín oògùn sí àwọn odò ní orílẹ̀-èdè mọ́kànlá ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, Gánà sì wà lára wọn. Lọ́dún 1987, ilé-iṣẹ́ Merck ṣèlérí láti máa fi ivermectin, tí àwọn ará abúlé mọ̀ sí Mectizan, tọrẹ. Oògùn náà gba ojú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn là.

Ní àárín gbùngbùn Áfíríkà, ọ̀ràn náà ní ẹ̀gún kan nínú. Aràn míì wà níbẹ̀, Loa loa, èyí tí àgbà rẹ̀ máa ń rìn kọjá lójú ènìyàn. Bí ọmọ aràn yìí bá pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ ẹni tó lo ivermectin, oògùn tó yẹ kó wò ó sàn lè mú un dákú lọ tàbí kó pa á. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Okola nìyẹn lọ́dún 1999, wọ́n sì dá pínpín oògùn dúró níbẹ̀. Ó di pé kí wọ́n kọ́kọ́ mọ ẹni tí aràn pọ̀ lára rẹ̀, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ jókòó sídìí máíkírósíkóòpù kó ka aràn inú ẹ̀jẹ̀ gbogbo ará ìlú?

Daniel Fletcher àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì California ní Berkeley so fóònù mọ́ máíkírósíkóòpù kékeré kan. Wọ́n á gún ìka, wọ́n á fi ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ sínú ẹ̀rọ náà, fóònù á ya fídíò kéékèèké. Sọ́fítíwíà inú rẹ̀ kì í wá ìrísí aràn rárá. Ìmira ló ń wá. Bí aràn bá ń yí, á máa ti àwọn sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ tó yí i ká, fọ́tò kan á yàtọ̀ sí èyí tó tẹ̀lé e, ẹ̀rọ á sì kà á. Láti oṣù kẹjọ sí oṣù kẹwàá ọdún 2015, Joseph Kamgno, onímọ̀ ọmọ Kamẹrúùnù, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé e lọ sí Okola. Wọ́n yẹ ènìyàn 16,259 wò. Wọ́n fún 15,522 ní oògùn. Wọ́n dá 340 dúró nítorí pé aràn ara wọn ti kọjá ààlà, ìyẹn 20,000 nínú mìlílítà ẹ̀jẹ̀ kan. Àwọn 397 yòókù jẹ́ aboyún tàbí aláìsàn. Ẹyọ ẹnì kan kò ní ìjàǹbá ńlá. Wọ́n gbé àbájáde rẹ̀ jáde nínú New England Journal of Medicine lọ́dún 2017.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kíyè sí i pé inú oko ni wọ́n ti ṣe èyí, kì í ṣe inú láàbù olówó ńlá. Bí sọ́fítíwíà tó ń wo ìmira bá lè gba ẹ̀mí là ní Okola, kí ló dé tí kò fi lè parí ìjà ní ilé fítà ní Tamale?

Mo mọ ohun tí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi á sọ. Àkọ́kọ́, owó. Òótọ́ ni pé ẹ̀rọ àyẹ̀wò àtọ̀ tí àwọn ilé-iṣẹ́ òyìnbó ń tà wọ́n bí ojú. Ṣùgbọ́n láàpútọ́ọ̀pù tí a fi ń tẹ èsì lè gbé Fiji, ohun tó ń di fóònù mú sórí máíkírósíkóòpù kò wọ́n, gíláàsì tí wọ́n ya rúlà sí, èyí tó pín mìlímítà kan sí ọ̀nà ọgọ́rùn-ún, a kàn máa rà á lẹ́ẹ̀kan ni. Rúlà yẹn ṣe kókó. Láìsí i, kọ̀ǹpútà kò mọ̀ bóyá maikirómítà ni ohun tó ń wọ̀n tàbí máìlì.

Èkejì, wọ́n á ní ẹ̀rọ máa ń ṣe àṣìṣe. Bẹ́ẹ̀ ni, ó máa ń ṣe é. Ó lè ka ìdọ̀tí kún sẹ́ẹ̀lì tí kò rìn. Bí àtọ̀ bá pọ̀ jù lórí gíláàsì, àwọn ìlà á lọ́ mọ́ra, Táyé á di Kẹ́hìndé. Ìwé WHO ti ọdún 2010 ti sọ ọ́ pé inú àtọ̀ tó ní mílíọ̀nù 2 sí 50 sẹ́ẹ̀lì nínú mìlílítà kan ni kíkà ẹ̀rọ ti dára. Èyí tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ká là á. Gbogbo ẹni tó bá lo TrackMate mọ̀ pé tí sọ́fítíwíà bá parí, iṣẹ́ tirẹ̀ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀: á wo ìlà kọ̀ọ̀kan, á gé èyí tó so ohun méjì pọ̀, á pa èyí tó jẹ́ ìdọ̀tí rẹ́. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé àṣìṣe ẹ̀rọ wà lójú fídíò, ẹlòmíràn lè rí i kó tún un ṣe. Àṣìṣe ojú mi bá mi lọ sílé.

Ẹ̀kẹta, àṣírí. Èyí ni mo bọ̀wọ̀ fún jù. Kò sí ọkùnrin tó fẹ́ gbọ́ pé fídíò àtọ̀ òun wà lórí fóònù ẹnìkan. Nítorí náà, fóònù láàbù ni ká lò, kì í ṣe fóònù òṣìṣẹ́. Nọ́ńbà ni ká kọ sí i, kì í ṣe orúkọ. Ká gba àṣẹ lẹ́nu oníǹkan. Ká sì tì í pa. Òfin ti wà. Gánà ṣe òfin ààbò ìwífún ara ẹni lọ́dún 2012, Nàìjíríà ṣe tirẹ̀ lọ́dún 2023.

Ohun tó wá kù ni ìkẹ́kọ̀ọ́, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ kí àwọn tó wà nípò ti gbọ́ mi. University for Development Studies wà ní Tamale láti ọdún 1992. Yunifásítì LAUTECH wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ láti 1990. Yunifásítì Ìbàdàn ti ju àádọ́rin ọdún lọ. Ní Legon, ní Gánà, ilé ìwádìí WACCBIP ti wà láti 2014, wọ́n ń fi máíkírósíkóòpù ṣe ìwádìí ibà níbẹ̀. Àwọn tó lè kọ́ni kò wọ́n. Ọmọ tó ń kọ́ iṣẹ́ láàbù níbikíbi nínú wọn kò gbọdọ̀ jáde láìtíì fi ọwọ́ ara rẹ̀ tọ ipasẹ̀ sẹ́ẹ̀lì nínú fídíò, kó wọn ọ̀nà rẹ̀, kó wá ibi tí sọ́fítíwíà ti ṣì í mú, kó tún un ṣe. Ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ kan ni. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn àjọ tó ń fún láàbù ní ìwé àṣẹ, ní Gánà àti ní Nàìjíríà, náà lè béèrè ohun kan lọ́dọọdún: ẹ fi fídíò èsì ìrìn mélòó kan ránṣẹ́, ká fún láàbù míì kà, ká wò ó bóyá ẹ bára mu.

Ẹ̀yin ọkùnrin tó ń ka ìwé ìròyìn yìí, ẹ bá ìyàwó yín lọ. Bí láàbù bá fún yín ní èsì ìrìn àtọ̀, ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè mẹ́ta: mélòó lẹ kà, ṣé gíláàsì gbóná dé digírì 37, fídíò rẹ̀ dà? Bí èsì kò bá dára, ẹ má pa ilé rẹ́ nítorí ìwé kan. Nǹkan bí oṣù méjì àbọ̀ ni àtọ̀ tuntun máa ń gbà kó tó dàgbà. Ẹ tún àyẹ̀wò náà ṣe, ẹ sì jẹ́ kí dókítà rí méjèèjì. Ẹ̀yin ìyá ọkọ, ẹ fi obìnrin sílẹ̀ títí èsì ọmọ yín á fi dé.

Ní ti àwa òṣìṣẹ́ láàbù, àwáwí ti tán. Sọ́fítíwíà wà lọ́fẹ̀ẹ́, fóònù náà wà. Láàbù tó bá ń gba owó lọ́wọ́ ọkùnrin láti sọ bí àtọ̀ rẹ̀ ṣe ń rìn, tí kò lè fi ìrìn náà hàn án, àbá ló tà fún un, kì í ṣe àyẹ̀wò.